Láti Ọjọ́ Àbámẹ́ta Ni Oúnjẹ Alẹ́ Ọjọ́ Iṣẹ́ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí agogo méje ààbọ̀ alẹ́ kì í fi í ṣe àkókò tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé kí la fẹ́ jẹ. Ẹni tó ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ìkẹjà dé Ìkòròdú, tó délé bá ọmọ tó ń tòògbé lórí àga, tí iná sì ti lọ, kò lè ronú ẹ̀fọ́ mọ́. Indomie ni ọwọ́ rẹ̀ á lọ bá, tàbí búrẹ́dì, tàbí ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n ti gbé kaná lẹ́ẹ̀marùn-ún láti ọjọ́ Àìkú. Ìmẹ́lẹ́ kọ́ ló fà á. Kò sí nǹkan kan nínú ilé tó ti rìn jìnnà débi pé ìdajì wákàtí á parí rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ilé ti mọ èyí, ni wọ́n fi ń se ìkòkò ọbẹ̀ ńlá lópin ọ̀sẹ̀. Ìdajì ọgbọ́n nìyẹn. Ibi tó kù sí ni pé ọbẹ̀ tó ti jiná tán kò lè di nǹkan mìíràn mọ́. Ọbẹ̀ ata tí ẹran, ṣàkì àti pọ̀nmọ́ ti wà nínú rẹ̀, ọbẹ̀ ata náà ni á jẹ́ títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀fọ́ rírò tí wọ́n sè parí, tí wọ́n wá ń gbé kaná lójoojúmọ́, ewé rẹ̀ á dúdú, fítámì C inú rẹ̀ á bá ooru lọ, omi á sì máa sun lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ki ṣíbí bọ ìkòkò náà ni wọ́n tún ń mú ọjọ́ tí á bàjẹ́ súnmọ́ tòsí. Ohun tí mo gbà pé ó dára jù ni kí ẹ má ṣe se ọbẹ̀ parí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rárá. Ẹ se àwọn ohun tí ọbẹ̀ ń gbà: ata lọ́tọ̀, ẹja tàbí ẹran lọ́tọ̀, ẹ̀wà lọ́tọ̀, ewé lọ́tọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, kí wọ́n pàdé nínú ìkòkò ló kù. Wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lè gbé alẹ́ márùn-ún ró.

Ata kọ́kọ́

Fún ilé èèyàn márùn-ún, òbí méjì àti ọmọ mẹ́ta, ẹ ra tàtàṣé kílò kan ààbọ̀, tòmátì kílò kan ààbọ̀, àlùbọ́sà ńlá mẹ́rin, àti ata rodo mẹ́fà sí mẹ́wàá bí ẹnu àwọn ọmọ bá ṣe lè gbà á. Ní Mile 12 tàbí Bódìjà, wọn kì í gbé e sórí ìwọ̀n, inú abọ́ tàbí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Bí tàtàṣé bá tóbi dáadáa, bíi méjìlá ló máa ń tó kílò kan. Ẹ má jẹ́ kí tòmátì pọ̀ ju tàtàṣé lọ. Ilé tí tòmátì bá ti gba iwájú ni ọbẹ̀ ti ń kan lẹ́nu, tí wọ́n á wá máa wá ṣúgà tàbí kaun tí wọ́n á fi tún un ṣe.

Ẹ yọ kóró inú tàtàṣé, kí ẹ lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Omi tí ẹ bá bù sí i kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ife lọ, torí gáàsì yín náà ni á gbẹ omi ọ̀hún. Ẹ dà á sínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò, kí iná má pọ̀ jù, kí ẹ sì dé e láàbọ̀ kó má baà máa ta sí ara ògiri. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí omi tó gbẹ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ fi ṣíbí igi fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí omi bá sáré padà wá bo ìlà náà, kò tíì tó. Bí ìlà bá dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ata tó padé, ó ti tó. Ibí yìí gan-an ni ìkánjú ti ń ba ọbẹ̀ jẹ́. Òróró tí wọ́n bá dà sí ata tó ṣì lómi nínú kò lè dín in, bíbọ̀ ni ata yẹn á máa bọ̀, adùn àìjiná á sì wà lẹ́nu ẹni tó bá jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ pín in sí márùn-ún. Ẹ kó ìpín méjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdín, nítorí ẹ̀fọ́ àti àsáró tó ń bọ̀ wá gba epo pupa. Ìpín mẹ́ta tó kù ni kí ẹ dín: òróró ife kan, tí kò ju 250 ml lọ, àlùbọ́sà tí ẹ rẹ́ sínú rẹ̀ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ata. Iná kékeré, ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, torí ata tó ti gbẹ máa ń tètè jó nídìí. Nígbà tí òróró bá léfòó sókè, ẹ sọ̀ ọ́.

Bí tòmátì bá wọ́n, ẹ má fi ata rodo dí i. Lọ́dún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti láwọn ìpínlẹ̀ àríwá mìíràn, ọ̀pọ̀ ilé ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ló kọ́ ọ ní tipátipá pé tàtàṣé kílò méjì, àlùbọ́sà mẹ́fà àti tòmátì inú sáṣẹ́ẹ̀tì méjì lè gbé ọbẹ̀ jáde. Kí ẹ ti kọ́kọ́ dín ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ata tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu á mọ̀ ọ́n. (Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń fi tòmátì inú agolo àti ata pupa gígùn tí kì í ta ṣe é, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀.)

Ẹ má gbé ata gbígbóná sínú fírísà pẹ̀lú ìkòkò. Àárín ìkòkò á ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i, ooru rẹ̀ á tún máa yọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ata sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀, kó tutù láàárín wákàtí kan, kí ẹ wá bù ú sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó má nípọn ju ìka méjì lọ. Èyí tó bá tẹ́ pẹlẹbẹ ń tètè dì, ó sì ń tètè yọ́: láti inú fírísà, ó lè bọ́ sínú ìkòkò tààrà, kò ní í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí á fi máa hó. Èyí tó dì sínú abọ́ bíi òkúta ni àwọn èèyàn ń gbé síta láti àárọ̀ kó tó di alẹ́, nínú ooru tó lé ní ọgbọ̀n dígírì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ata, pàápàá jù lọ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹja.

Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ abọ́?

Bí a ti ń ṣètò oúnjẹ nílẹ̀ wa, òkèlè la máa ń dárúkọ kọ́kọ́. "Ẹ̀bà la fẹ́ jẹ." "Ìrẹsì la fẹ́ sè." Lẹ́yìn náà la tó wá ohun tí a ó fi jẹ ẹ́. Bí ẹ bá yí ètò náà padà, oúnjẹ yín á yí padà pẹ̀lú rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó ń gbé ara ró, bí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹran, kí ẹ dárúkọ ewé tẹ̀lé e, kí òkèlè wá ṣe ìkẹta. Kí ewé àti èso gba bí ìdajì abọ́, kí ohun tó ń gbé ara ró gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí òkèlè gba ìdá kan yòókù. Agolo mílíìkì gàrí kan, tó jẹ́ bí 100 gíráàmù, tó àgbàlagbà lálẹ́. Ìdajì rẹ̀ tó ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ti mọ́ lára láti jẹ agolo mẹ́ta á ṣàròyé. Ẹ má fi tipátipá dín in kù lọ́jọ́ kan. Ẹ máa fi ẹ̀fọ́ kún un, òkèlè á fúnra rẹ̀ dín kù.

Ẹyin kan ní bíi gíráàmù mẹ́fà purotéènì. Ẹja Titus 100 gíráàmù ní bíi mọ́kàndínlógún. Ẹ̀wà gbígbẹ 100 gíráàmù ní bíi mẹ́tàlélógún, ó sì dínwó ju ẹja àti ẹran lọ. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Pọ̀nmọ́ dùn, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kọlájínì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kọlájínì kò sì ní tryptophan, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ ti inú oúnjẹ wá. Ọmọ tí wọ́n bu ẹ̀bà ńlá fún pẹ̀lú pọ̀nmọ́ méjì kò tíì jẹ ohun tó ń gbé ara ró. Ẹ ka pọ̀nmọ́ mọ́ adùn ọbẹ̀, kí ẹ má kà á mọ́ ẹran.

Titus méjì tó dáa tó fún èèyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ra mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀. Ẹja ni kí ẹ rà kẹ́yìn lọ́jà kó má baà yọ́ dànù nínú báàgì. Ẹ wo ojú rẹ̀ kó má wọlé, ẹ tẹ ikùn rẹ̀ kó má rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Èyí tí yìnyín dídọ̀tí dì mọ́ ara wọn gbàgìdì lè ti yọ́ tó tún padà dì. Nílé, ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi iyọ̀, ata gbígbẹ àti atalẹ̀ pa á lára, kí ẹ dín in tàbí kí ẹ yan án lọ́jọ́ náà. Ti ọjọ́ Ajé lè wà nínú fíríìjì, kí ìyókù wọ fírísà.

Ẹ̀wà, àti ohun tó ń mú un le

Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí ìdílé tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ní sísè sílẹ̀, ẹ̀wà ni. Ó ń gba àkókò jù nínú gbogbo oúnjẹ wa, ìyẹn ló fi jẹ́ pé kì í wọ inú alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ bí wọn ò bá ti sè é sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà bíbọ̀ ń gbọ́ràn sí fírísà lẹ́nu ju ìrẹsì lọ.

Ẹ̀wà olóyin kílò kan. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí nínú ooru wa omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fóòmù, á sì máa rùn. Ẹ da omi yẹn nù: díẹ̀ nínú àwọn ṣúgà tó ń fẹ́ inú ti bá a lọ. Nínú ìkòkò lásán, ẹ̀wà tí wọ́n rẹ á jiná láàárín ìṣẹ́jú márùnlélógójì sí wákàtí kan. Nínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀, ìṣẹ́jú méjìlá tó o, èyí tí wọn kò rẹ á gba bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má kún ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ju ìdajì lọ, kí ẹ sì da òróró ṣíbí kan sí i, nítorí fóòmù ẹ̀wà lè dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ewu gidi sì nìyẹn.

Bí ẹ̀wà bá kọ̀ tí kò rọ̀, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ ẹ̀wà ọdún tó kọjá, tó ti gbẹ kọjá ààlà. Ó lè jẹ́ omi bohóòlù tó le, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Ẹ fi omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá sè é, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Tàbí kó jẹ́ pé ata wọlé kó tó rọ̀. Ìkan inú tòmátì máa ń jẹ́ kí èèpo ẹ̀wà le, nítorí náà ẹ̀wà gbọ́dọ̀ rọ̀ tán pátápátá kí ata tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kaun á mú un rọ̀ kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n á pa fítámì B1 inú rẹ̀, ìyẹn sì wà lára ìdí tí a fi ń jẹ ẹ̀wà. Àwọn kan tún ń ju parasitámọ́ọ̀lù sí i. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa fífi oògùn yìí se oúnjẹ, kò sì sí ìyára kankan tó tó fífi ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn kòkòrò náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa dichlorvos inú ìgò kékeré 100 ml, ara ohun tí wọ́n sì ń kìlọ̀ lé lórí ni fífi í pa kòkòrò ara ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ. Bí ẹ bá ra ẹ̀wà púpọ̀ sílẹ̀, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú láìsí oògùn kankan.

Kílò kan gbígbẹ á di bíi kílò méjì lé díẹ̀ tó bá jiná. Ẹ pín in sí mẹ́ta pẹ̀lú omi rẹ̀ díẹ̀, kó má baà gbẹ nínú fírísà. Ìpín kọ̀ọ̀kan tó èèyàn márùn-ún, ó sì ń gbé bíi gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún purotéènì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi ẹyin tàbí ẹja kún un.

Fírísà láìsí iná

Ẹ má sọ pé torí NEPA lẹ ò ṣe lè ṣètò. Fírísà tó kún dáadáa, tí wọn kò ṣí, lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Èyí tó jẹ́ ìdajì ló kún, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni. Fíríìjì lásán kò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nítorí náà ẹ kún fírísà: ibi tí oúnjẹ kò bá dé, ẹ to omi inú ọ̀rá sí i. Yìnyín yẹn ni á máa ṣọ́ oúnjẹ nígbà tí iná bá lọ. Ohun tí ẹ ó lò lálẹ́ ọjọ́ náà ni kó wà lókè, kí wọ́n má baà máa tú gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí iná bá pẹ́ kó tó dé, ohun tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ẹ lè sè é. Ẹran, ẹja tàbí ìrẹsì sísè tó ti yọ́ pátápátá, tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́ ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù. Ó ń dunni, mo mọ̀. Owó ilé ìwòsàn dunni jù ú lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan

Ewé ló ń pinnu ohun tí ọjọ́ Ajé á jẹ́. Ṣọkọ ìdì mẹ́rin láti ọjà Àbámẹ́ta: ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ rẹ́ ẹ tán. Ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ẹ kó o bọ omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ má sá, kí ẹ wá fún un gbẹ. Ẹ ká a ní ìṣù-ìṣù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìkúùkù. Tẹ̀tẹ̀ lómi ju ṣọkọ lọ, fífún rẹ̀ gbọ́dọ̀ le. Ẹ̀fọ́ tó bá ń sun omi nínú abọ́, ọwọ́ tó fún un ló ṣe é jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ gbé omi ẹ̀bà kaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ìkòkò kejì, epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kó gbóná títí tí pípọ́n rẹ̀ á fi ṣí, torí ohun tó mú un pọ́n yẹn gan-an ni ara ń sọ di fítámì A. Àlùbọ́sà kan, irú wooro ṣíbí kan tí ẹ ti fọ iyanrìn ara rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì. Ata tí ẹ kò dín, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹja, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣọkọ ìṣù mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, láìdé ìkòkò. Ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ ro ẹ̀bà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti ẹ̀wà: ìpín ẹ̀wà kan, ìpín ata dídín kan, kí wọ́n jọ hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà méjì. Dòdò ń mu òróró bí òróró kò bá tíì gbóná tí wọ́n fi kó o sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ kò ní ìṣòro yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí olúkúlùkù jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ, nítorí fítámì C ló ń jẹ́ kí ara rí áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà gbà dáadáa. Tíì lẹ́yìn ẹ̀wà ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Máńgòrò nígbà òjò àkọ́rọ̀, àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ní èso tirẹ̀ tó dínwó.

Ọjọ́rú, ìrẹsì agolo mílíìkì mẹ́ta, ata dídín, ẹyin bíbọ̀ márùn-ún, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí wọ́n rẹ́ sórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Èyí rọrùn, kò gba àlàyé. Ẹ kàn má fi ìrẹsì tó ṣẹ́kù sílẹ̀ sínú ìkòkò di àárọ̀: kòkòrò kan wà tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó, tó máa ń jí nínú ìrẹsì tó lọ́wọ́ọ́wọ́, májèlé tó ń tú síbẹ̀ kì í sì í kúrò bí wọ́n bá tún un gbé kaná.

Ọjọ́bọ̀, mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀wà gbígbẹ ìdajì kílò tí wọ́n bó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á bí bíi méjìlá nínú ewé tàbí abọ́ kékeré. Ẹ sè é jiná fún wákàtí kan kí ẹ tó kó o sí fírísà. Bí ẹ bá di í ní tútù láìsè, omi á yà kúrò lára rẹ̀ tó bá yọ́, mọ́ínmọ́ín á sì ní ihò nínú. Lálẹ́, ogún ìṣẹ́jú lórí omi híhó, ẹ̀kọ tútù láti ọwọ́ ẹlẹ́kọ, ó parí. Ìpín ata dídín kẹta ṣì wà nílẹ̀: ẹ bu díẹ̀ lé mọ́ínmọ́ín, kí ẹ fi ìyókù pamọ́ de àlejò.

Ọjọ́ Ẹtì ni àsáró. Ìdajì iṣu tó dáa, tó tó kílò kan lé díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bó o. Ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjìlá kí ata tí ẹ kò dín tó wọlé pẹ̀lú epo pupa, ẹja gbígbẹ àti edé. Ẹ má rò ó kí iṣu tó rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á sì jó. Ìṣù ṣọkọ tó kù á wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ìkẹyìn.

Ilé tí kò lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ àmàlà lè yọ èyíkéyìí nínú wọn kúrò. Ewédú tí wọ́n já sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta á ti máa dúdú kó tó di Ọjọ́rú, nítorí náà ẹ lọ̀ ọ́ ní tútù pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sínú náílọ́ọ̀nù bíi ti ata, kó dì. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí iná pẹ̀lú irú pẹ̀tẹ̀, láìdé e, á sì fà.

Máàgì kò yẹ kó ju ẹyọ kan lọ nínú ìkòkò èèyàn márùn-ún. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ iyọ̀ ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́. Irú, edé àti ẹja gbígbẹ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń mú ọbẹ̀ ta sánsán.

Àwọn ọmọ tó ń sùn lébi kí oúnjẹ tó jiná jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mú ní pàtàkì. Ìrẹsì tí wọ́n di sínú kúlà láti agogo márùn-ún àárọ̀ kò yẹ ní ẹnu ọmọ lágogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kúlà ò gbé ooru tó ń dáàbò bò ó dé ibẹ̀. Ẹ̀pà bíbọ̀ tàbí sísun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin bíbọ̀ láti inú fíríìjì, wàrà: ìwọ̀nyí ni kí ọmọ rí jẹ ní kété tó bá ti ilé ìwé tàbí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ dé. Bó bá wá sùn kí a tó bu oúnjẹ, kò sùn lébi. (Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un ní ẹ̀pà odidi, ó lè há a lọ́fun.)

Ohun tó kù ni bébà kan lára ìlẹ̀kùn fíríìjì. Kí orúkọ oúnjẹ nìkan má wà lórí rẹ̀; kí ẹ kọ iṣẹ́ ibẹ̀: "Ọjọ́ Ajé: náílọ́ọ̀nù ata tí a kò dín, ẹja inú abọ́ aláwọ̀ ewé, ìṣù ṣọkọ mẹ́ta, gàrí agolo mẹ́ta ààbọ̀." Bí ó bá ti wà lákọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ló ń dáná, ìbáà ṣe bàbá, ìyá tàbí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ilé tí ètò rẹ̀ bá wà lórí ìyá nìkan, ọjọ́ tí ìyá bá pẹ́ níbi iṣẹ́ ni ètò ń tú ká, àárẹ̀ tí kò yẹ sì ń bọ́ sórí ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ata àti ẹ̀wà nìkan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ fi ewé tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná kún un. Mọ́ínmọ́ín lè dúró di ọ̀sẹ̀ kẹrin, nígbà tí ọwọ́ ti mọ́, tí ẹ sì ti mọ iye tí fírísà yín lè gbà.